Lẹbẹ Òsì Ọkọ̀ Ìparọ́rọ́

Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ Ìparọ́rọ́ fì. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ padà sómi ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kò fì rí. Ìgbì a máa gbé àwọn ọkọ̀ yòókù sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ọkà, ṣùgbọ́n òun a dúró gbagidi bí ilé orí àpáta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ di ilé ìwòsàn. Nígbà tó wá tẹ̀ sí òsì lọ́jọ́ náà, tí kò sì tètè dìde, gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ di ohun tó sún mọ́ ọn mú. Kí agogo ìkìlọ̀ tó dún ni Oríyọmí, ẹnjiníà tó ń tọ́jú lẹbẹ ọkọ̀ náà, ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Jọláyẹmí, wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lókè. Wọ́n ti la àyà rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, òkun ti jẹ etíkun wọ inú. Orí-Èrè, ìlú àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n bí Oríyọmí sí, ti di ibi tí ẹja ń sùn. Orí pèpéle ńláńlá tó léfòó ni àwọn èèyàn ń gbé, wọ́n so wọ́n mọ́ra bí ẹni ń hun ẹní. Ìyá ń bímọ níbẹ̀, ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀, àgbàdo ń hù níbẹ̀ nínú agbada. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ilẹ̀ tí kì í mì. Oníṣẹ́ abẹ kò sì lè ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń mì.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn olówó ni Ìparọ́rọ́ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ọtí wọn má baà dànù, kí èébì má sì gbé àwọn ìyàwó wọn, ni wọ́n ṣe ṣe lẹbẹ irin méjì sábẹ́ ikùn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bíi ti ẹja. Nígbà tí àwọn olówó sá lọ sí ilẹ̀ òkè, àwọn tó kù tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ padà sómi. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní amòfì. Bí ìgbì bá ti fẹ́ fi ọkọ̀, amòfì á ti mọ̀, á ránṣẹ́ sí fáàfù; fáàfù á ṣílẹ̀kùn fún òróró tí pọ́ǹpù ń fi agbára tì; òróró á yí lẹbẹ, lẹbẹ á sì tẹ omi padà. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú ojú lọ. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, lẹbẹ tó yẹ kó gbé ọkọ̀ ró ni yóò máa tì í ṣubú.

Oríyọmí kọ́kọ́ yẹ amòfì wò. Iṣẹ́ tó ń rán sí òsì bá èyí tó ń rán sí ọ̀tún mu rẹ́gí. Ó wo ojú agogo pọ́ǹpù: agbára òróró pé. Ó gbé ọwọ́ lé apá irin tó ń yí lẹbẹ, ó sì dúró de àṣẹ amòfì. Àṣẹ dé, apá irin kò mira. Ó ṣe díẹ̀, ó ta kìjí lójijì bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ọkọ̀ tún tẹ̀.

Ohùn Dókítà Akíngbàsọ́tẹ̀ bọ́ láti inú gbohùngbohùn ara ògiri. "Ẹnjiníà! Ọwọ́ irin ti dúró. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn?"

"Lẹbẹ òsì ni, sà. Ó ń pẹ́ kó tó dáhùn. Ó jọ pé fáàfù ló ń há."

"Mo ti yọ ọkàn kúrò nínú omi rẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí."

"Mo gbọ́ yín, sà."

Ọkàn àgbìn ni. Awọ ara Jọláyẹmí fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi gbìn ín, nítorí èyí tí wọ́n bí i mọ́ kò lágbára mọ́. Bí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ bá ti kúrò nínú omi ìtọ́jú, kò ní sùúrù mọ́; ó gbọ́dọ̀ máa lù nínú àyà ẹni tó ni ín kí oòrùn tó yẹ̀ látàrí. Ọwọ́ irin ló ń rán iṣan rẹ̀, pẹ̀lú òwú tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n sì ti kọ́ ọwọ́ irin pé bí ilẹ̀ bá yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kó dáwọ́ dúró, kó má baà fa ohun tó ń rán ya.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá wọn, Baba Ìkúẹ̀sàn, àgbà agbẹ́kọ̀, ti fi dókítà ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Dókítà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ọkàn bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́, ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí a ó wú u?"

"Kò sẹ́ni tí yóò wú u, Baba. Jọláyẹmí yóò gbé e sáyà títí tí yóò fi di ìyá àgbà."

"Ẹnu yín la ó ti gbọ́ ọ. Èmi kò gba ọkàn inú àwo gbọ́, ṣùgbọ́n mo gba ọkọ̀ gbọ́."

"Ẹ gba ọkọ̀ yìí náà gbọ́, sà. Òun ni kò ní jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n."

"Ìyẹn kò ní jáni kulẹ̀," ni baba náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Èmi àti òun ti sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí wọ́n jọ sọ.

Oríyọmí ti pọ́ǹpù òsì pa, ó sì tú asẹ́ òróró. Ohun tó dà sínú ife, ó funfun bí omi ògì. Ó gbé e sún mọ́ iná. Òróró tó dára a máa mọ́ gaara bí oyin. Èyí tó bá funfun, omi ti wọ inú rẹ̀. Omi a máa mú irin dípẹtà díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà a sì kó sínú fáàfù tí àyè rẹ̀ kò ju irun orí lọ.

Níbo ni omi ti wọlé? Omi òkun ló ń tu òróró lára nínú páìpù ìtutù. Bí páìpù bá lu, iyọ̀ yóò wà níbẹ̀. Ó ti ẹnu ọ̀pá ìwọ̀n iyọ̀ bọ inú ife. Kò sí iyọ̀. Omi dídùn ni. Ẹnì kan ló bù ú sínú táńkì.

Ó tẹ gbohùngbohùn gbogbo ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fọwọ́ kan táńkì òróró apá òsì?"

Ọ̀gákọ̀ ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá rẹ̀ wọlé láti ibi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohùn náà balẹ̀.

"Oríyọ̀, ṣé èyí tó o fi hàn mí lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọkọ̀ sómi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Má wulẹ̀ dààmú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ aburú kàn án. Èmi ni mo fún un mu."

Oríyọmí di ògiri mú. Kò sí agbẹ́kọ̀ Orí-Èrè tí í jẹ́ kí àjẹ̀ tuntun tí wọ́n fi ń tukọ̀ kan òkun kó tó mu omi kànga ilé. Àjẹ̀ tó bá ti mu omi ilé, wọ́n ní kì í sọ ọ̀nà ilé nù. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Ìparọ́rọ́ sómi, bàbá rẹ̀ ti bi í léèrè pé ọkọ̀ wo ni kò lájẹ̀ yìí. Oríyọmí wá ọ̀nà tí yóò fi yé e. Ó ní, "Ẹ kà á sí àjẹ̀, Bàbá. Lẹbẹ yìí ni àjẹ̀ rẹ̀, ibi tó ti ń mu rèé." Ó ṣí ìdérí táńkì hàn án, ẹnì kan pè é, ó sì yíjú.

"Omi tó kù nínú kèrègbè ni," ni baba náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "èyí tí mo bù kí kànga tó rì. Kò tó fún àjẹ̀ méjèèjì. Apá òsì ni mo fún, nítorí òun ni àjẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣebí o mọ̀ pé àbúrò rẹ ń bọ̀ wá sùn nínú rẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni Oríyọmí wí. Ó ti gbohùngbohùn náà pa.

Fáàfù mìíràn wà ní pèpéle àwọn alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ á ti lọ kí ọkọ̀ kékeré tó lọ mú un bọ̀. Ó fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù kékeré títí lẹbẹ òsì fi padà sí àárín, ó sì gbá ọ̀pá ìdènà wọ inú rẹ̀ kó má baà ta mọ́. Ó bẹ ọ̀gákọ̀ kó kọjú ọkọ̀ sí ìgbì. Ọkọ̀ yí, ìfì rẹ̀ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n lẹbẹ kan kò lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ọwọ́ irin kọ̀, kò padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Mo ń fi ọwọ́ ara mi rán an," ni Dókítà Akíngbàsọ́tẹ̀ wí. 

Ó rán an tán. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló jẹ́rìí pé ó rán an dáadáa, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń fì. Ṣùgbọ́n ọkàn náà ti pẹ́ jù lóde. Wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n ta á jí, ó lù díẹ̀ bí ọmọdé tó ń dán ìlù wò, ó sì dákẹ́.

Nígbà tí Oríyọmí gòkè, bàbá rẹ̀ dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Kò sunkún. Dókítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí ló ṣe lẹbẹ yẹn?" ni dókítà béèrè. Kò gbójú sókè.

Oríyọmí wo bàbá rẹ̀. Irọ́ náà ti wà létè rẹ̀: páìpù ìtutù ló lu. Ta ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀bi á wá sórí òun tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, arúgbó á sì rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n ó rántí ọkọ̀ Ìfarabalẹ̀, èkejì Ìparọ́rọ́, tí wọ́n ń múra láti sọ sómi ní pèpéle kejì. Baba Ẹ̀gbẹ̀yẹmí ni agbẹ́kọ̀ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni, òun náà sì ní kèrègbè.

"Omi ló wọ inú òróró," ló wí.

"Omi òkun?"

"Rárá, sà. Omi ilé ni. Bàbá, ẹ jókòó."

Bàbá kò jókòó. Oríyọmí kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un, láti orí ìdérí táńkì títí dé ìpẹtà inú fáàfù. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Nígbà tó parí, baba náà béèrè.

"Ṣé kì í ṣe àjẹ̀ ni?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Èmi ni mo pè é ní àjẹ̀ fún yín."

 Dókítà dìde, ó di apá arúgbó náà mú. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkan jà lọ́jọ́ náà.

Òbí kì í rí ibojì ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń gbé Jọláyẹmí lọ sí ilẹ̀ òkè láti sin ín, Baba Ìkúẹ̀sàn wọ ọkọ̀ kékeré, ó sì fúnra rẹ̀ tù ú lọ sí pèpéle kejì. Oríyọmí fẹ́ bá a lọ. Bàbá ní kó padà lọ tẹ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ti pé jọ síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ìfarabalẹ̀ dúró níwájú wọn, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Baba Ẹ̀gbẹ̀yẹmí ti wà létí ìdérí táńkì pẹ̀lú kèrègbè. Ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ìkúẹ̀sàn!" ló kígbe. "Káàbọ̀! Ìwọ tí ọkọ̀ tìrẹ ti mu yó, ṣé o tún fẹ́ wá bá tèmi pín in ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Baba Ìkúẹ̀sàn gba àárín wọn kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ẹnu kèrègbè.

"Má fún un," ló wí. "Mo fún tèmi. Ó mu Jọláyẹmí mọ́ ọn."

Orin dá. Baba Ẹ̀gbẹ̀yẹmí wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé kèrègbè sílẹ̀, ó sì jókòó tì í. Àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fìlà.