Ẹni Tó Dúró ní Igun Fọ́tò

Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi Mosúnmọ́lá ṣì wà láyé, ó ṣì ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìbà wá sílé mi ní Okokomaiko. Bàbá Sẹ̀kínát náà wà láyé. Ọkọ mi àkọ́kọ́, ṣọ́jà, ló ti kú. Bárékè Ọ̀jọ́ la ti gbé òkú rẹ̀ jáde.

Àwọn ológun ní kí n mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá fún fọ́ọ̀mù owó ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sẹ̀kínát nìyẹn, onífọ́tò ní Igbó-Elérin.

"Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀," ó ní.

"Fọ́ọ̀mù ọkọ mi tó kú lẹ ní kí n máa rẹ́rìn-ín sí?"

Ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Ìyàwó tèmi náà ti lọ. Ẹ kàn máa wò mí."

Mo wò ó. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ ojú tì mí bí ọmọge.

Láti ọjọ́ náà, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa kọjá níwájú ilé mi. Àyìnkẹ́ ló ń pè mí, oríkì tí ẹnikẹ́ni ò fi pè mí mọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú. Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìyẹn ló sì ń já mi láyà. Mo ti sin ọkọ kan, agbára mi ò gbé ìkejì.

Ọjọ́ tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé kámẹ́rà tuntun dání, èyí tí Sẹ̀kínát ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Kì í lo fílìmù, ṣùgbọ́n ó rí bíi ti àtijọ́: téèyàn bá yojú wo inú rẹ̀, á rí ojú ẹnì kan ní méjì, á máa yí lẹ́ńsì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan. Lẹ́ńsì tó ti ń lò látìgbà èwe rẹ̀ ló fi sí i.

A tò fún fọ́tò pẹ̀lú àwọn ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wá tọrọ ìyàwó kì í dúró láàárín ẹbí tí wọn ò tíì dá a lóhùn. Igun pátápátá ni tirẹ̀. Ó ṣètò kámẹ́rà kó ya fúnra rẹ̀, ó sáré wá síbẹ̀, bàtà rẹ̀ kan yọ, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí fọ́tò jáde, ẹ̀rín tán. Ojú gbogbo wa mọ́. Tirẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn, ó sì pọ́n bíi pé ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Aṣọ ilẹ̀kùn pupa nìkan ló wà ní igun kejì, ta ló máa wo ìyẹn?

Ìjọ aláṣọ funfun, níbi tí wọ́n ti ń ríran, ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Ó ju fọ́tò náà sílẹ̀ bí ohun tó gbóná. "Victoria, ọkùnrin yìí ò ní pẹ́ láyé. Ṣé o tún fẹ́ wọ aṣọ dúdú ni? Mi ò fi ẹ́ fún un."

 Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò gbé ìpè rẹ̀. Àràárọ̀ ni mo ń lọ yọjú ní Igbó-Elérin bóyá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí. Bó bá ṣí, màá mí kanlẹ̀, màá yà padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wá sílé mi fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níjókòó.

"Àyìnkẹ́, kì í ṣe ikú, lẹ́ńsì ni. Ojú tó ń gba fọ́tò nínú kámẹ́rà yìí fẹ̀ tó fílìmù, ṣùgbọ́n kì í ṣe fílìmù. Fílìmù a máa gba ìmọ́lẹ̀ láti ibi yòówù kó gbà wọlé. Èyí ń fẹ́ kó wá tààrà. Lẹ́ńsì yìí sì sún mọ́ ọn jù, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sí igun ń dàgẹ̀rẹ̀ wọlé. Ìdí tó fi ń dúdú nìyẹn, tó ń pọ́n."

"Gírámà!" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ẹni tó ń kú lọ ń sọ gírámà!"

"Ẹ jẹ́ kí Àyìnkẹ́ dúró sí igun fọ́tò tí mo dúró sí, kẹ́ ẹ rí i."

"Victoria! O ò gbọdọ̀ débẹ̀!"

Mo rò ó pé bó bá jẹ́ ikú ló wà níbẹ̀, òun nìkan la fi sílẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́sí. Mo lọ dúró, mo dijú.

Ó yà á, ó gbé kámẹ́rà wá kí a wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tèmi náà ṣókùnkùn, ó pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kígbe, "Jésù!" Bàbá Sẹ̀kínát yíjú, ó ya ògiri funfun lásán. Igun ògiri méjèèjì pọ́n nínú fọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ògiri yìí náà ń kú lọ ni?"

Mosúnmọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Èmi ló ń wò, níbi tí mo ṣì dúró sí.

"Mo ní o ò gbọdọ̀ débẹ̀," ó ní, "o ṣì lọ dúró síbẹ̀ fún un." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ máa mú un lọ."

A fẹ́ra. Ẹ̀rù náà bá mi wọlé ọkọ. Bó bá sùn lọ́sàn-án, màá gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀. Á la ojú kan: "Mo wà ńbẹ̀, Àyìnkẹ́. Jẹ́ n sùn."

Mosúnmọ́lá tó jókòó láàárín ló kọ́kọ́ lọ, ní ọdún karùn-ún. Díẹ̀díẹ̀, ìṣọ́ tí mò ń ṣọ́ ọkọ mi ń dín kù.

Ní ọdún kẹjọ, lọ́jọ́ Alàmísì kan, ó jókòó síwájú ilé, ó ń yáàrùn. Èmi ń ṣa ẹ̀wà. Mo kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tiẹ̀ bá a wí pé kò tíì wẹ̀. Ìgbà tí mo pè é pé kó wá jẹun, kò dáhùn. Orí ìjókòó ló kú sí, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí mi ò bẹ̀rù rárá.