Ìyálé, Ìyàwó àti Erùpẹ̀ Pápá

Màmá Oyèníyì, tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Queens Village, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi títí òun yóò fi sọ ọ́ tán. Ó sọ ọ́ tán, mo sì dá ẹnì kan lẹ́bi. Ẹni tó rí ọmọ ọlọ́mọ tó ń tàn, tó torí bẹ́ẹ̀ fẹ́ tú ilé ìyá ọmọ náà ká, ẹ̀rí wo la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kiri?

Ilé alájà méjì kan wà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń gbé. Olúsànmí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, apoògùn ni. Òkè ni òun àti Doyin ìyàwó rẹ̀ àti Yẹ́misí ọmọ wọn ń gbé. Kànmí àbúrò rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìlú, wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú Rìnsọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti Ìníọlá ọmọ wọn. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n sì fẹ́ràn softball, bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan ń jù tí ẹnì kejì ń fi igi gbá, ju oúnjẹ lọ.

Ọ̀nà méjì ni eré yìí ní. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní rec. Níbẹ̀, wọn kì í lé ọmọ kankan padà. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló ń di igi mú, àwọn ìyá á sì gé ọsàn wá fún wọn. Èkejì ni travel. Wọn á dán ọmọ wò kí wọ́n tó mú un, wọn á máa gbé wọn lọ New Jersey àti Long Island lópin ọ̀sẹ̀ láti bá ẹgbẹ́ míì figagbága. Èyí tó bá dáńtọ́ jù ló ń wọ pápá. Àwọn yòókù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa pàtẹ́wọ́. Yẹ́misí wà ní travel, Ìníọlá wà ní rec.

Doyin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé gbàgbé ìyẹn. Bí Rìnsọ́lá bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, á ní ara òun kò tíì balẹ̀ látinú ìrìn àjò travel. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú àwọn ìyá, á máa bi Ìníọlá bóyá wọ́n ṣì ń fún gbogbo wọn ní ife ẹ̀yẹ níbi eré tiwọn, ẹni tó sáré àti ẹni tó sùn. Á wá yíjú sí ìyá ọmọ.

"Ìyàwó, má jẹ́ kó dùn ọ́ o. Ọlọ́run ló ń pín ẹ̀bùn."

Rìnsọ́lá á ní ẹ ṣeun, Ìyá Yẹ́misí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èébú kí ọwọ́ má gbọ̀n.

Nítorí pé òun ni ìyàwó kékeré, òun ló ń fọ aṣọ àwọn ará òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà ní bésímẹ́ǹtì. Aṣọ kì í purọ́ fún ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Ṣòkòtò Ìníọlá, erùpẹ̀ pupa pápá bọ́ọ̀lù ti wọ inú òwú orúnkún rẹ̀, bílíìṣì kò ràn án. Ti Yẹ́misí ńkọ́? Ó funfun lọ sí New Jersey, ó funfun bọ̀. Rìnsọ́lá mọ ohun tí ìyẹn wí: orí bẹ́ǹṣì ni ọmọ náà ń jókòó sí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Àánú ọmọ ló ṣe é.

Ní ìgbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, kóòṣì obìnrin tó ń kọ́ Yẹ́misí gba ẹ̀gbẹ́ pápá àdúgbò kọjá, ó rí Ìníọlá níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù. Apá ọmọ náà yí po lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù ti dé ibi tó ń lọ kí ẹni tó di igi mú tó mí. Obìnrin náà béèrè ọmọ ta ni. Nígbà tó gbọ́ pé ẹbí Doyin ni, ó bẹ Doyin, nígbà tó wá fi ọkọ̀ gbé Yẹ́misí lẹ́yìn ìdánrawò, kó sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n mú un wá sí travel. Doyin rẹ́rìn-ín. Ó ní ó mà ṣe o, bàbá ọmọ náà kò gbà kí ọmọ òun rìnrìn àjò, pàápàá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó fi Bíbélì bo irọ́ mọ́lẹ̀. Yẹ́misí wà nínú ọkọ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òjòwú kò lẹ́ran láyà: láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Doyin.

Ó ṣe, Olúsànmí ń jẹun lọ́jọ́ kan, ó béèrè wẹ́rẹ́ pé kí ló dé tí ṣòkòtò ọmọ àbúrò òun máa ń pọ́n, tí ti ọmọ òun kì í ní àbàwọ́n kankan. Doyin ní travel kì í ṣe eré ìdọ̀tí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Rìnsọ́lá gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde láti já tẹ̀tẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ó bá Doyin lórí ìkúnlẹ̀ ní ìdí tòmátì, ó di ṣòkòtò funfun Yẹ́misí mú, ó ń fi orúnkún rẹ̀ ra ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọgbà kì í ṣe ilẹ̀ pápá. Ti pápá pupa bí bíríkì. Èyí, ilẹ̀dú ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé ni Rìnsọ́lá. Bó bá bá ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́, kí ó kí i ló kù. Ẹnu rẹ̀ ṣí kí ó tó ronú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Yẹ́misí."

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n létí Doyin, àbàrá ni. Ó dìde, ó pa ṣòkòtò náà mọ́ abẹ́ apá, ó wọlé. Ó ti pinnu pé kí ìyàwó tó la ẹnu sọ ohun tó rí, òun yóò ti ba ẹnu náà jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà á gbọ́.

Ẹ wá wo ohun tó rí mú. Ìka ọmọbìnrin tó máa ń lóṣòó gba bọ́ọ̀lù tí Ìníọlá bá jù dá. Ọ̀gbẹ́ni David tó ń kọ́ wọn ní rec kò lè lóṣòó. Ó bẹ àwọn òbí pé ta ló lè ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi ìdánrawò ọjọ́ Sátidé. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Rìnsọ́lá ní òun yóò gbìyànjú. Nítorí náà, orúnkún ṣòkòtò tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Doyin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ orúnkún náà létí àwọn ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró de Kànmí níwájú ilé nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lẹ́nu, pé a kì í bá ni tan ká fani nítan ya, òun kò sì lè máa wò níran kí ayé fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sọ fún un pé kóòṣì rec kò ní ìyàwó nílé, pé ó ní ọkọ̀ tó dára, pé gbogbo Sátidé tí Kànmí bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni Rìnsọ́lá ń pẹ́ ní pápá. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀bẹ bọ ọgbẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ wo orúnkún ìyàwó yín. Ta ló ń kúnlẹ̀ fún?"

Kànmí wo orúnkún náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó tún wò ó ní Sátidé kejì. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń kọrin nídìí àwo, á ronú pé ta ló ń rò. Bó bá dákẹ́, á ronú pé ta ló ń rò. Ọkùnrin tí kò tíì dé pápá náà rí lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi ọkàn rẹ̀ ya àwòrán David: ó ga, ó mọ́ ara, eyín rẹ̀ funfun. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó bú jáde pé bí òun bá rí ohun tí òun ń gbọ́, Ìníọlá kò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ láyé, Rìnsọ́lá yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Stapleton. Ó bi í léèrè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ta ló ń kúnlẹ̀ fún?

Rìnsọ́lá gbé àwo tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀dú wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì, torí Yẹ́misí.

"Ìbéèrè tí ẹ fi ẹ̀gàn bi mí, mi ò ní fi àlàyé dá a lóhùn, Baba Ìníọlá. Ẹ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé."

Doyin gbọ́ pé Kànmí fẹ́ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kó lè lọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí gbogbo wọn jọ wọ ọkọ̀ Olúsànmí, wọn á yà síbẹ̀ kí wọ́n tó gbé Yẹ́misí lọ New Jersey. Ó fẹ́ kí Olúsànmí náà fojú rí i. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò ìkà kì í rántí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Rìnsọ́lá àti ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú lọ. Àwọn yòókù dúró lẹ́yìn ọgbà wáyà tó yí pápá ká, Yẹ́misí nínú ṣòkòtò funfun rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ìníọlá dúró láàárín pápá. Apá rẹ̀ yí po. Bọ́ọ̀lù ró pàá nínú ìbọ̀wọ́ ẹnì kan tó lóṣòó, tó fi ìbòjú onírin bo ojú, tí orúnkún rẹ̀ kan sì wọlé sínú erùpẹ̀ pupa. Ẹni náà dìde, ó ṣí ìbòjú náà sókè. Òógùn bo Rìnsọ́lá, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀.

"Mr. David, ṣé ẹ rí ìyẹn?" Ìníọlá pariwo lédè Òyìnbó.

Bàbá arúgbó ọmọ Trinidad kan gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè dá a lóhùn láti orí àga tó wà lábẹ́ igi. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì, àwọn dókítà ti fi irin pààrọ̀ wọn.

Kànmí di ọgbà wáyà náà mú. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Doyin rí i pé ẹran fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kó fi ìbòjú tàn wọ́n, pé obìnrin ilé wo ló ń fi orúnkún ra erùpẹ̀ níta gbangba.

Èdè Òyìnbó ni Yẹ́misí máa ń sọ nílé. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ, ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, kí bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ lè mọ̀ pé àwọn ni òun ń bá wí.

"Mummy, erùpẹ̀ tí ẹ ń wá ní ẹ̀yìnkùlé nìyí. Ẹ fi ti tòmátì kun ṣòkòtò mi. Èmi ò wọ pápá rí. Mo ń jókòó ni."

Olúsànmí ní kí ló wí.

"Kóòṣì fẹ́ Ìníọlá. Mummy ní Uncle Kànmí kò gbà. Mo wà nínú ọkọ̀."

Doyin la ẹnu, ó ní torí ọmọ ni, pé ìyá wo ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò pariwo.

"Doyin, ilẹ̀ lo fi kun ṣòkòtò. Orúkọ ìyàwó àbúrò mi ńkọ́, kí lo fi kùn ún?"

Olúsànmí sọ fún un pé gbogbo etí tó sọ ọ́ sí ni yóò padà lọ bá, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ kó o nílẹ̀. Ó sì ṣe é, ilé kan sí ilé kan. Màmá Oyèníyì wà lára àwọn tó wá bá. Títí di òní, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni Doyin ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó tún gbọ́ orúkọ travel lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Kànmí wọlé sí pápá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fi ọwọ́ gbọn erùpẹ̀ orúnkún ìyàwó rẹ̀ nù.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Rìnsọ́lá wí. "Ọjọ́ tí mo bí i ni mo ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un."

Nígbà tí wọ́n bi Ìníọlá bóyá yóò lọ sí travel, ó ní ó ṣeé ṣe, bí àwọn ẹgbẹ́ òun bá ti parí ìdíje tiwọn.

Nínú ọkọ̀, Doyin ń pe ọmọ rẹ̀ pé ọ̀nà New Jersey jìn, kí ó wá kí wọ́n máa lọ. Yẹ́misí ṣí ilẹ̀kùn wáyà, ó bọ́ sínú pápá. Ọ̀gbẹ́ni David bi í léèrè ibo ló máa ń dúró sí nínú eré. Ó ní kò sí. Bàbá náà ju ìbọ̀wọ́ aláwọ kan sí i, ó ní kí ó wá ibi tó bá wù ú. Ìyá rẹ̀ tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti já. Ọmọ náà ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ náà, ó sì rìn lọ tààrà sínú erùpẹ̀ pupa nínú ṣòkòtò funfun rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.