Bíréèkì Tó Ń Fà Sápá Òsì

Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ pé mo mutí. N kò fẹnu kan ọtí rí láyé mi, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì mọ̀. Ìṣojú mi ló ṣe. Etí mi yìí náà ló gbọ́ ọ.

Ọdún tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni. Jimoh ọ̀rẹ́ mi ti kú kó tó dìgbà náà. Ibà ló pa á. Píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó ẹrù oúnjẹ lọ sí ọjà Sandgrouse bọ́ sọ́wọ́ Ṣàíbù, àbúrò rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ṣàíbù gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi.

"Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ bá mi wo bíréèkì yìí. Ó ń fà sápá òsì."

"Nígbà gbogbo?"

"Ìrọ̀lẹ́ nìkan. Kọ́nà ẹ̀yìn Iga Ọba nìkan. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ o. Á fà mí kọjá títì, á dúró lápá òsì. Ilẹ̀kùn òsì á ṣí. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ níwájú pa mí."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, mo tú táyà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Bíréèkì ẹsẹ̀ òsì ti jẹ tán pátápátá, irin ló ń ha irin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ṣì kù díẹ̀ lára tiẹ̀. Ọkọ̀ tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ọ̀tún ló máa ń fà sí. Kò lè fà sósì. Mo tún un wò, mo tún un wò.

Mo ti ń tú àwọn bíréèkì tó ti jẹ náà nígbà tí Àlímọ̀t, ìyàwó Jimoh, sáré wọlé. Ó ń mí hẹlẹ.

"Bọ̀dá Mọ̀núrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìyá Ganiat, ọkọ̀ yìí máa pààyàn."

"Bàbá Ganiat ni." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kọ́nà yẹn ló ti máa ń gbé mi tí mo bá ti ọjà dé. Á nawọ́ ṣílẹ̀kùn fún mi látinú ọkọ̀. Á ní kí n jókòó dáadáa, á wá tì í. Apá òsì ni. Ó kú kí wọ́n tó yí ọ̀nà, Bọ̀dá. Kò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n Ṣàíbù náà láwọn ọmọ nílé. Mo pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, mo da ọ́ìlì bíréèkì tuntun sí i. Àlímọ̀t jókòó sórí táyà àlòkù, ó ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo àwọn tó ń gbẹ́ sàréè.

Nírọ̀lẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé e jáde láti dán an wò. Àlímọ̀t wà láàárín. Wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gàríbì. A dé kọ́nà. Ọkọ̀ lọ tààrà. Ṣàíbù mí kanlẹ̀.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, lápá òsì. Irin tó ń ha irin. Mo mọ ohùn yẹn dáadáa. Mo yọ Jimoh lẹ́nu títí nígbà ayé rẹ̀ pé kó gbé e wá kí n tún un ṣe. Ariwo náà rọra dúró. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn kan ṣí.

Mo bojú wẹ̀yìn. Títì dá. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀.

Ṣàíbù tẹ bíréèkì. Àlímọ̀t fò mí kọjá, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sọ́dọ̀ ariwo náà.

"Bàbá Ganiat! Wọ́n ti yí ọ̀nà o! Èmi rèé!"

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń táràrà, ó ń wá ilẹ̀kùn. Kò rí nǹkan kan dì mú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì tijú.

Títí dòní, ó ṣì máa ń lọ dúró síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, lápá òsì, tòun ti agbọ̀n ọjà rẹ̀. Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí. A dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. A ò gbọ́ kó tì í.