Ejìká Ló Ń Dun Gbádé

Ó ti rẹ Gbádé. Káfíńtà ni ní Èbúté Mẹ́ta, ọtí ló sì ti lò ó gbó. Láti ọdún tó ti ń ṣèlérí fún Làbákẹ́, ìyàwó rẹ̀, pé òun á jáwọ́, ìlérí náà ti sú àwọn méjèèjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan lọ́dún 1988, ó mutí yó, ó ṣubú, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ sì gbá etí gọ́tà. Ojú tì í láti sọ ọ́ nílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ejìká òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún wọ eegun, ó ní, "Pákó tí mo gbé lánàá ni."

Làbákẹ́ fi àbọ́níkí pa á. Wọ́n pe bàbá kan tó ń wọ́ra. Bàbá wọ́ ejìká títí ó fi làágùn. Síbẹ̀, bí Gbádé bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ni ìrora náà ń le sí i. Ara rẹ̀ tutù, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, òòyì ń kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Àǹtí Gertrude, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá iwájú, yà kí wọn bó ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó wo ejìká náà: kò wú, kò bó. Ó fọwọ́ tẹ ikùn, Gbádé ké.

"Bọ̀dá Gbádé, ṣé ẹ ṣubú ni?"

"Èmi? Ṣé ọmọdé ni mí? Pákó ni."

"Pákó wo ló ń sọ ikùn èèyàn di líle? Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú ikùn, ejìká ló lè máa dunni. Ẹ má fi irọ́ pa ara yín o."

Gbádé wo ìyàwó rẹ̀. Agbára àtiparọ́ ti tán lára rẹ̀. "Mo mutí. Mo ṣubú. Làbákẹ́, má bínú."

"Ọtí kì í ṣe lọ́fínńdà, mo kúkú gbọ́ òórùn rẹ̀," ni Làbákẹ́ wí. "Ẹ dìde ká lọ sọ́sibítù."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Ká ní ó di ọ̀la ni, òkú ni wọn ì bá gbé wá.

Nígbà tó jí, Gertrude jókòó tì í. "Àǹtí," ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "ká ní mo kú ńkọ́?"

"Ẹ ti sọ òótọ́ fún wa. Ẹ wá sọ èyí tó kù fún Ọlọ́run."

Gbádé sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, tomijé tomijé. Kò ṣèlérí kankan lọ́tẹ̀ yìí. Àánú ló tọrọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù, ó sì rí i gbà. Oorun tó sùn lẹ́yìn náà, ó ti pẹ́ tó ti sun irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí lò ń fi pa mọ́? Ṣé bíbò ó mọ́lẹ̀ kò tíì rẹ̀ ọ́? Jésù kò ní kó o kọ́ sàn ná kó o tó wá. Sọ fún un lónìí, níbi tó o jókòó sí. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ó kú fún ọ.