Ọkọ̀ Tí Agbẹ́kànga Yàn

"Wọ́n ní ó ti sọ pé..."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ò mọ̀ o. Wọ́n ṣáà ní ó ní òun ò lè fẹ́ ọmọ tí kò... tí kò rí ilé ìwé sójú. Pé tí àwọn èèyàn òun bá bi òun pé... ẹ jẹ́ n panu mi mọ́."

Ìyá afọkọ̀ ló ń sọ ọ́ fún aládùúgbò kan níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kànrìnkàn ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé mi ò sí nínú ilé. Mo jókòó sórí táyà tuntun kan tó wà nílẹ̀.

Èmi ni ọmọ tí wọ́n ń wí. Agbẹ́kànga ni wọ́n ní ó sọ̀rọ̀.

Píkọ́ọ̀pù tuntun ni bàbá mi ń tà. Láti kékeré lẹ̀rù èrò ti ń bà mí, nítorí náà ilé ni bàbá mi àti ìyá wọn, Màmá Àgbà, ti kọ́ mi níwèé. Nígbà tí ojú bàbá mi wá di bàìbàì, èmi ni mo di ojú wọn. Èmi ni mò ń ka ìwé tó bá ọkọ̀ wá, èmi ni mò ń ṣàlàyé fún oníbàárà, bí mi ò tiẹ̀ lè wò wọ́n lójú.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan wọlé, ẹrẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀. Kànga ló ń gbẹ́, níbi tí ọ̀nà ti ń parí. Ó ní òun fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù, èwo ni kí òun mú?

Mo wolẹ̀. Mo ní tó bá jẹ́ páìpù ni yóò máa rù, kó mú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, kò ní máa sunkún tó bá ń gun òkè. Kó mú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà, inú ẹrẹ̀ ni yóò máa sùn.

Ó bi mí nípa ìjókòó aláwọ.

"Ẹ mú onírọ́bà, sà. Bí awọ bá rí bàtà yín, á bú sẹ́kún."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Àtọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Ọ̀rọ̀ṣọ̀wọ́n, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ mi ṣọ̀wọ́n bíi wúrà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Lónìí, á ní òun ò fẹ́ jíà ọlọ́wọ́ mọ́, èyí tó ń pààrọ̀ ara ẹ̀ lòun fẹ́. Lọ́la, ó tún padà sí ọlọ́wọ́. Funfun di eérú, eérú di funfun. Bàbá mi bi mí bóyá ọkọ̀ ni ọkùnrin yìí ń rà àbí iṣẹ́ ló ń kọ́. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìjókòó iwájú nìkan ló kọ́kọ́ yàn. Ní ọ̀sán kan ó ní òun fẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin, tó ní ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ní ibi ẹrù á kéré, páìpù ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbà.

"Àyànfẹ́ mi, kì í ṣe páìpù ni mo fẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Tí mo bá wá bá Bàbá, kí ni wàá sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu mi. Inú mi dùn débi pé etí mi ń hó. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọbìnrin kì í fẹnu ara rẹ̀ gba ọkùnrin. Bàbá ló ń gbà fún un. Mo ní, "Ohun tí bàbá mi bá ti sọ ni mo sọ."

Ó ní kò burú. Láti ọjọ́ náà, mi ò rí i mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo tún gbọ́ nípa rẹ̀ ni ti ìyá afọkọ̀ yẹn. Mi ò bi bàbá mi léèrè. Ta ni yóò gbé ìtìjú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá bàbá rẹ̀?

Ọkọ̀ tó yàn dé, ó wá gbé e. Mo fi ibi tí yóò tẹ̀ hàn án kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà ọlọ́dà tó gbẹ, á ba jíà jẹ́. Ohùn mi tutù bí irin. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì fẹ́ kó dì mí mú.

Ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn tó sùn.

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn?"

"Ó tán, sà."

"Ẹ ṣeun," ni ó wí. *Ẹ*, sí èmi, bíi pé kò mọ̀ mí rí. Ó wa ọkọ̀ náà lọ.

Kò pẹ́ la gbọ́ pé ó ti gbéyàwó. Ọjọ́ náà ni Màmá Àgbà pè mí wọ yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ọkùnrin yẹn ò sọ ohun tí wọ́n ní ó sọ. Bàbá rẹ ló fi í sí ìyá afọkọ̀ lẹ́nu, ó mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà wá tọrọ rẹ, orí àga nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Wọ́n rò pé mo ti sùn."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí bàbá mi fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á: bí mo bá lọ, ta ni yóò máa ríran fún un? Wọ́n ní ọmọ àwọn ni, àwọn ò sì fẹ́ tú àṣírí rẹ̀ síta. Omi ń dà lójú wọn.

Bàbá mi ń pè mí látìta, oníbàárà ti dé. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí tí mi ò dáhùn.

"Ẹ sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, Màmá. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Màmá Àgbà nu ojú.

"Bàbá rẹ ní, 'Mo ti bi ọmọ mi. Ó ní òun kò fẹ́ ọ.' Ọkùnrin yẹn dorí kodò. Ó wá ní, 'Ẹ má bá a wí, sà. Ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo wá, kí ojú má baà tì í lọ́jọ́ tí mo bá wá gbé ọkọ̀.'"