Táìsì Olódòdó Inú Lápútọ́ọ̀pù

Nígbà tí Tóbilọ́ba tú ikùn lápútọ́ọ̀pù náà, kò rí bátìrì níbẹ̀. Táìsì ló rí. Táìsì ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé, tó ní òdòdó búlúù lára. Ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ gé e dọ́gba-dọ́gba, ó fi téèpù dúdú wé e, ó sì tẹ́ ẹ sí àyè bátìrì bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Ajé ni, ní Ìlobù, nínú kọ̀ǹténà tí Tóbilọ́ba ti ń tún kọ̀m̀pútà ṣe. Wúlẹ̀mọ̀tù, ọmọbìnrin tó gbé lápútọ́ọ̀pù náà wá, wo táìsì, ó wo Tóbilọ́ba, ó tún wo táìsì. Ó wá figbe ta. Kó tó mí lẹ́ẹ̀kejì, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti dé. Ẹ kúkú mọ àwọn èèyàn wa: bí ilé bá ń jó, ẹ ó wá wọn tì, ṣùgbọ́n ẹ pariwo olè, wọ́n á bo ilẹ̀ bí eṣú.

"Ó ti yọ bátìrì ọmọ ọlọ́mọ!"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn! Gbé fóònù fún wọn kí o wò ó, ìdajì ẹ̀ lo máa gbà padà!"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," ni Tóbilọ́ba ń wí, "ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u!" Ta ló fẹ́ gbọ́? Géńdé kan ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Àánú Ọlọ́run ló ṣe é tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Mùíbátù Àkànmú ń ti ibi tó ti lọ ra búrẹ́dì bọ̀. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, ẹni tó ga á bẹ̀rẹ̀. Ó ya àárín èrò wọlé, búrẹ́dì lábẹ́ abíyá.

"Ta ló ń ká apá aṣọ níbí? Ìwọ? Ṣé abọ́ lo fẹ́ fọ̀ ni? A ní abọ́ púpọ̀ ní tẹ́ṣàn. Máa bọ̀."

Géńdé sọ apá aṣọ kalẹ̀. Mùíbátù kó Tóbilọ́ba, Wúlẹ̀mọ̀tù, lápútọ́ọ̀pù àti táìsì, ó di tẹ́ṣàn.

Orí ìkúnlẹ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù ti rojọ́. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ń wá àwọn tí yóò máa jókòó sílé tara wọn, tí wọn yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí kọ̀m̀pútà. Igba èèyàn ló kọ̀wé, ogún péré ni wọ́n mú fún ìdánwò, òun sì wà lára wọn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò náà, lórí lápútọ́ọ̀pù ẹni, tí kámẹ́rà rẹ̀ á máa wo ojú ẹni. Bó bá kú láàárín, ó parí nìyẹn.

"Gbogbo iṣu tó wà nínú abà ni bàbá mi tà láti fi rà á, mà. Èyí tó yẹ ká gbìn pàápàá wà níbẹ̀."

Mùíbátù bù nínú búrẹ́dì, ó bù fún un. "Dìde jókòó. Ta ló ti tàn án kí o tó gbé e wá?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la rà á n'Ífọ̀n. Bàbá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án títí Àlùfáà á fi ṣe àdúà sí i. Inú àpótí aṣọ ló wà. Àárọ̀ yìí ni Àlùfáà ráyè wá."

"Àlùfáà wá ṣe àdúà sí táìsì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó tiẹ̀ pẹ́ lórí ẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo gbé e fún Tóbilọ́ba kó bá mi fi ohun tí a fi ń ṣe ìdánwò náà sí i. Mo fi í sílẹ̀ lọ ra omi, bí ogún ìṣẹ́jú. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo dé. Bí mo ṣe yọ ṣájà báyìí láti máa gbé e lọ, ó kú."

Ogún ìṣẹ́jú! Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ burú fún Tóbilọ́ba. Ṣùgbọ́n Mùíbátù yí táìsì náà padà, ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ tí wọ́n gé. Ó dán bí abẹ. Inú kọ̀ǹténà Tóbilọ́ba, pákó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá lè yọ bátìrì, tó wá táìsì, tó gé e, tó wé e, tó dè é padà láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹni yẹn kì í ṣe olè; bíríkìlà tó yá jù l'Ọ́ṣun ni.

Kò tíì sọ èyí jáde tí Yàkúbù, bàbá Wúlẹ̀mọ̀tù, fi dé láti oko, òun pẹ̀lú Tíṣà Matthew, aládùúgbò rẹ̀ tó bá a lọ rajà. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n bírò mẹ́ta ṣì wà nínú àpò àyà rẹ̀, kò sí èyí tó ń kọ nínú wọn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá," ni Mùíbátù wí. "Báwo lẹ ṣe yan lápútọ́ọ̀pù náà?"

"Mo gbé e lọ́wọ́ báyìí," Yàkúbù na ọwọ́, "mo wò ó bóyá ó wúwo. Mo wá fi ìka kàn án, kó, kó. Ọdún kejìlélógójì rèé tí mo ti ń yan iṣu, ẹnikẹ́ni ò rẹ́ mi jẹ rí."

"Iṣu ni lápútọ́ọ̀pù ni, Bàbá?"

"Nǹkan tó bá dáa máa ń wúwo."

Tíṣà wú ikọ́. "Ìnsípẹ́kítọ̀, èmi tí mo mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀. Mo ní kí Jàlálù tó ń tà á yọ ṣájà, ó yọ ọ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Bátìrì wà nínú ẹ̀ nígbà tí a rà á. Ẹ bi ọmọkùnrin yìí ibi tó gbé e sí."

Yàkúbù wo ilẹ̀. Mùíbátù rí i pé ó wo ilẹ̀.

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

"Tíṣà ló mọ̀wé," ni Yàkúbù wí.

Mùíbátù pe Jàlálù lórí fóònù. Ohùn ọmọkùnrin náà dùn bí oyin.

"Mọ̀mí, tòkunbọ̀ tí a tún ṣe dáadáa ni tèmi. Ẹ bi Tíṣà léèrè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Kí wọ́n bi ẹni tí wọ́n gbé e fún láti tún ṣe."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Mùíbátù wí. Ó ti Tóbilọ́ba mọ́ àhámọ́ ná nítorí ẹ̀rí Tíṣà, ṣùgbọ́n kò lọ sí Ìfọ̀n lọ́jọ́ náà. Bí aṣọ ọlọ́pàá bá yọ lọ́nà ṣọ́ọ̀bù, táìsì á rìn lọ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ránṣẹ́ pe Tíṣà. Lápútọ́ọ̀pù mìíràn wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, àbúrò mi ló ra èyí. Ẹ bá mi wò ó bó bá tó owó tí wọ́n dá lé e. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe yẹ tọjọ́sí."

Inú Tíṣà dùn. Ó gbé e, ó jù ú sókè díẹ̀, ó hán an. Ó kàn án, kó, kó, ó dẹ etí sí i. Ó tiẹ̀ fi imú sí ibi tí atẹ́gùn máa ń gbà jáde lára rẹ̀, ó fa òórùn rẹ̀, ó di ojú.

"Èyí pójú owó," ló wí.

"Bátìrì rẹ̀ ńkọ́?"

"Bátìrì rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Ìnsípẹ́kítọ̀, ohun tí àgbàlagbà jókòó rí, bí ọmọdé gun òkè àgbọn, kò lè rí i."

Mùíbátù tú ikùn lápútọ́ọ̀pù náà, ó dojú rẹ̀ dé. Yanrìn dà sórí tábìlì, ààà, bí ẹni da gàrí. Èèpo lásán ni. Lọ́dọ̀ Tóbilọ́ba ló ti yá a, ẹ̀yìn tẹ́ṣàn ló sì ti bu yanrìn.

"Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, Tíṣà, ẹ bá wa wò ó. Yanrìn odò ni àbí ti ojú títì?"

Tíṣà yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún un nù. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi ohùn tíṣà sọ ọ́ mọ́.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ wọn ní ìṣirò nílùú yìí. Nígbà tí kọ̀m̀pútà dé, wọ́n ní Tíṣà á mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń pè mí, mo ń lọ. N kò wá mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ pé n kò mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú àhámọ́ nítorí pé ẹ ò mọ bí ẹ ṣe fẹ́ sọ ọ́."

Tíṣà wá jẹ́wọ́. Lóòótọ́ ni Jàlálù yọ ṣájà, lóòótọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Yàkúbù gbé e, ó ní ó fúyẹ́, òun ò rà. Ni Jàlálù bá wọ inú lọ, ó gbé òmíràn jáde tó wúwo. Yàkúbù rẹ́rìn-ín, ó sanwó. Kò sẹ́ni tó yọ ṣájà ti ìyẹn. Yàkúbù mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ já Tíṣà nírọ́ lójú ọlọ́pàá.

Mùíbátù tú Tóbilọ́ba sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o," ló sọ fún un. "Mú irinṣẹ́ rẹ dání lọ́la."

Lọ́jọ́rú, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Jàlálù n'Ífọ̀n, àǹkárá tó ti ṣá lọ́rùn rẹ̀, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, eruku ọ̀kadà lójú. Bí ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní dá a mọ̀.

"Ọmọ mi, ọmọ mi obìnrin ló ń da mí láàmú pé òun fẹ́ lápútọ́ọ̀pù."

"Ẹ káàbọ̀, mọ̀mí mi! Ẹ jókòó. Èyí rèé." Jàlálù yọ ṣájà ẹ̀rọ náà gẹ̀rẹ̀ bí onídán. "Ẹ wò ó, kò kú. Bátìrì gidi."

Obìnrin náà gbé e. Ó bojú jẹ́. "Kí ló fúyẹ́ bí àkàrà báyìí? Ṣé inú ẹ̀ ò ṣófo?"

Ojú Jàlálù tàn. "Áà! Mọ̀mí mọ ọjà! Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà nínú, ẹ dúró." Ó wọlé, ó sì gbé òmíràn jáde, ó fi iná sí i. "Ẹ gbé èyí wò. Àmọ́ owó ẹ̀ ju tìyẹn lọ o, ohun tó wà nínú ẹ̀ pọ̀."

"Ó wúwo lóòótọ́," ni obìnrin náà wí, ó sì fa ṣájà yọ.

Ojú lápútọ́ọ̀pù ṣókùnkùn.

"Mọ̀mí, kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Ṣájà. Tóbilọ́ba, wọlé!"

Tóbilọ́ba wọlé, kọ́ńsítébù kan tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi tú u. Táìsì jókòó síbẹ̀, òdòdó búlúù rẹ̀ ń wo gbogbo ayé. Kọ́ńsítébù ṣí ilẹ̀kùn inú: lápútọ́ọ̀pù mẹ́fà tí kò ní bátìrì, páálí táìsì kan, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e.

"Èmi ni Ìnsípẹ́kítọ̀ tó pè ọ́ lórí fóònù," ni Mùíbátù wí.

Jàlálù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dọ̀bálẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ gbọ́ tèmi! Àwọn oníbàárà ló sọ mí dà báyìí! Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ta ojúlówó, wọ́n á gbé e, wọ́n á ní ó fúyẹ́, wọ́n á lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni mo fún wọn. Ìwúwo ni wọ́n fẹ́, mo tà á fún wọn!"

"O tà á lówó gọbọi. Kò sí táìsì tó wọ́n tó tìrẹ ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun." Mùíbátù jókòó lórí àga oníbàárà. "Gbọ́ ohun tó mú ọ. Ẹni tó bá jí bátìrì, bátìrì ló fẹ́. Kí ló kàn án pẹ̀lú ìwúwo? Á kàn dé ikùn ẹ̀rọ padà lófìfo, á sì sá lọ. Ẹni tó bá wá fi táìsì rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ tó máa gbé e ló ń rò. Ta sì ni wọ́n ń gbé ọjà lójú rẹ̀? Ẹni tó ń tà á ni. Ohun tó dí mi lójú ni ẹnu Tíṣà pé wọ́n yọ ṣájà. Nígbà tí yanrìn wá dà, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ méjì ni: èyí tí ò ń yọ ṣájà rẹ̀, èyí tí ò ń tà. Tòkunbọ̀ ò burú. Èyí tó fúyẹ́ yẹn gan-an, ó tó owó rẹ̀, ó tún lé. Ká ní o ní sùúrù tán, kí o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fa ṣájà yọ, wọn ì bá rà á."

Èrò ti pé sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan kígbe pé, "Ará Ìlobù ló wá mú ọmọ wa!"

"Ta nìyẹn?" Mùíbátù yọ orí síta. "Lápútọ́ọ̀pù ni mo wá mú. Kò sí orúkọ ìlú nínú ìwé ẹ̀sùn mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ fa ṣájà yọ nílé, kẹ́ ẹ tó wá bá mi jà."

Gbogbo wọn fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ẹnu ọ̀nà dá páropáro.

Ó ku ìdánwò. Ẹ̀rí ni gbogbo lápútọ́ọ̀pù náà jẹ́, òfin ò sì gbà kí ẹ̀rí kúrò ní tẹ́ṣàn. Wúlẹ̀mọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kí lò ń sunkún sí?" ni Mùíbátù wí. "Òfin ní kí ẹ̀rí má jáde. Kò ní kí ìwọ má wọlé."

Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti gbé tábìlì ti ògiri kan tí kò sí àwòrán ọ̀daràn lára rẹ̀, kí kámẹ́rà má baà rí ohun tí kò yẹ. Èyí tó fúyẹ́, tí Tóbilọ́ba ti fi ohun ìdánwò sí, ni wọ́n gbé síbẹ̀. Yàkúbù gbé e lọ́wọ́, ó rojú.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ó mà fúyẹ́ o."

"Bàbá, ẹ gbé e kalẹ̀."

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ lé àwọn ẹlẹ́jọ́ sẹ́yìn. Jàlálù kígbe láti inú àhámọ́ pé òun fẹ́ rí lọ́yà. Olè adìyẹ méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Ọmọ èèyàn ń ṣèdánwò, ìwọ ń pariwo lọ́yà!"

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí ọ̀gá àgbà tẹ́ṣàn fi wọlé, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, ohùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. "Mùíbátù! Kí ni mo gbọ́ pé o sọ tẹ́ṣàn mi dà—"

Mùíbátù ò dìde, kò sì kí i. Ó kàn gbé ìka lé ètè, ó tọ́ka sí ọmọbìnrin náà.

Ọ̀gá wo Wúlẹ̀mọ̀tù. Ó wo Yàkúbù tó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, tó ń ṣe àdúà jẹ́jẹ́. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀ ọ̀tún, ó tú ti òsì, ó gbé wọn sí abẹ́ abíyá, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ yọ́ rìn kọjá lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Wúlẹ̀mọ̀tù ò gbójú sókè. Ó tẹ ìdáhùn, ó sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.