Aṣọ Odò Tíṣà

Omi ń kán tótótó lára ọkùnrin náà nígbà tó já wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Aṣọ rọ́bà dúdú ló wọ̀ láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára pinpin. Kò wọ bàtà, kò sì ráyè kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ló kọ sí obìnrin tó jókòó sídìí maṣíìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa síìpù yìí wálẹ̀, ó ti há. Aago mẹ́jọ ni mo gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì."

"Ẹ káàárọ̀ ná," ni télọ̀ wí. "Ṣé ẹja ni yín ni, àbí èèyàn?"

"Tíṣà ìṣirò ni mí."

"Ẹja ìbá sàn. Ìṣirò ò fojúure wò mí rí."

Ó dìde. Obìnrin náà ga, ó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, débi pé Òpó ni wọ́n ń pè é nílé wọn. Ó fi díẹ̀ ga ju ọkùnrin yìí lọ. Ó mú àbẹ́là, ó fi ra eyín síìpù náà, ó ń rọra fà á sókè, ó ń fà á sílẹ̀, títí ó fi ṣí. Tíṣà mí kanlẹ̀. Bó ṣe yíjú padà láti dúpẹ́, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ó sì gbàgbé kíláàsì aago mẹ́jọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìfẹ́ a máa bá àwọn mìíràn nínú kóòtù àti táì. Ti èyí, inú ìdajì aṣọ rọ́bà ló bá a.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan tí bọ́tìnì rẹ̀ já wá. Lọ́jọ́ kẹta, òmíràn. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, bọ́tìnì mẹ́ta ló já lẹ́ẹ̀kan náà. Télọ̀ wo ìdí òwú wọn dáadáa.

"Tíṣà, bọ́tìnì tó bá já fúnra ẹ̀, òwú ẹ̀ kì í gún régé báyìí. Abẹ lẹ fi gé e."

"Abẹ ni," ni ó fèsì, ojú ń tì í. "Síìpù yẹn ò há mọ́, n ò sì mọ ohun tí mo tún lè gbé wá."

"Ẹ ò bá gbé ara yín wá lásán. Ṣebí àga wà ńlẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, bí iléèwé bá ti jáde, Tíṣà á wá jókòó sórí àga náà, á máa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, télọ̀ náà á máa ránṣọ, wọ́n á jọ máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti sọ fún un nípa ìdíje tó ń mú un wọ adágún ní ìdájí. Ìdíje àwọn ọ̀gbẹ̀rì ni: wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì fẹsẹ̀ sáré parí rẹ̀. Omi adágún náà tutù débi pé wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wọ aṣọ rọ́bà fẹsẹ̀ kàn án.

"Aṣọ yẹn gan-an ni wàhálà mi," ni Tíṣà wí. "Bí mo bá ti dojú bolẹ̀ nínú omi, àfi bíi pé ẹnì kan di ọrùn mi mú. Àyà mi á máa já, n ò ní lè mí."

Ọ̀rọ̀ yìí ta télọ̀ lára. Ọdún mẹ́tàlá ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sì sẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ fún lọ́rùn rí. "Aṣọ tó bá ń fún èèyàn lọ́rùn, ẹni tó rán an ni ò mọṣẹ́," ni ó wí. "Gbé e wá. Màá dẹ̀ ẹ́ fún ọ."

Tíṣà ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Kò sọ ọ́. Ó gbé aṣọ náà wá.

Télọ̀ fi sísọ́ọ̀sì la ọrùn aṣọ náà wálẹ̀ díẹ̀, ó fi aṣọ rírọ̀ kan há a láàárín, ó sì fi abẹ́rẹ́ tó nípọn jù nínú àpótí rẹ̀ rán an lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà wọ̀ ọ́, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mò ń mí! Ọwọ́ ẹ dáa, olólùfẹ́ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Inú télọ̀ dùn débi pé ó rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ àpò lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e lọ síbi ìdánrawò létí adágún. Tíṣà juwọ́ sí i, ó bọ́ sómi, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Kò tíì jìnnà púpọ̀ tí ó dáwọ́ dúró. Orí rẹ̀ yọ sókè, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ohùn kò jáde. Orí náà wọlẹ̀, ó tún yọ. Télọ̀ ń pariwo, kò mọ ohun tó ń wí. Kóòṣì tó ń kọ́ àwọn ọ̀gbẹ̀rì náà wa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ débẹ̀, ó sì fa Tíṣà wọlé bí ẹni fa àpò tó rin gbindin.

Nígbà tí wọ́n ṣí síìpù lẹ́yìn rẹ̀, omi tó tú jáde nínú aṣọ yẹn kò kéré. Gbogbo ihò tí abẹ́rẹ́ lu sára rọ́bà náà ló ń gba omi sínú, ọrùn tó sì dẹ̀ gba èyí tó kù wọlé. Òtútù ti bá ọkùnrin náà dé àyà, ètè rẹ̀ sì ti dúdú. Télọ̀ ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá Tíṣà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ni, kò gbé ohùn sókè rárá.

"Ìwọ ni télọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí gbà, n ò mọ iye wọn mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ìwọ wá jókòó, o rán aṣọ òkú fún un."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi, n ò mọ̀ pé..."

"Ẹni tí ò mọ̀ kì í fọwọ́ kàn án! Jáde."

Télọ̀ wo orí bẹ́ẹ̀dì. Tíṣà kò sùn, àjà ló ń wò. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀rọ̀ ìyá kò dùn ún tó ìdákẹ́ ọmọ. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, Tíṣà kò yọjú. Télọ̀ á gbé aṣọ sórí maṣíìnì, á tún gbé e kúrò. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gba ọ̀dọ̀ Kóòṣì lọ.

"Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ rọ́bà yẹn, sà."

Kóòṣì gbé aṣọ Tíṣà, tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, jáde, ó fi ìka tọ etí rẹ̀. "Gọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá máa kàn án, kò gbọdọ̀ yọ lódìkejì, ìdajì rọ́bà ló máa mú. Ọrùn ẹ̀ sì ní láti fún. Ọ̀gbẹ̀rì ló máa ń rò pé ó fẹ́ pa òun. Bó bá ń wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé, ara ẹ̀ á mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún Tíṣà pé kí ẹnikẹ́ni má fi sísọ́ọ̀sì kàn án."

Ara télọ̀ le gbagidi. "Ẹ sọ fún un?"

"Lẹ́ẹ̀mejì."

Inú bí i, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ̀, ó sì gbé e fún mi! Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí ìyá ẹ̀ pè mí ní apààyàn! Síbẹ̀, kò gbé aṣọ náà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àwọn àjákù rọ́bà kọ́ṣẹ́, ó ba mẹ́fà jẹ́. Lẹ́yìn náà ló tú iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ palẹ̀, ó lẹ ọrùn náà padà bó ṣe yẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà á.

"Ó dáa," ni Kóòṣì wí. "Ó ku kí Tíṣà wọ̀ ọ́ wò."

"Rárá o. Wọn ò ní tún fi ara ẹ̀ dán iṣẹ́ mi wò. Èmi ni màá wọ̀ ọ́."

"O mọ odò ọ́ wẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n."

Kóòṣì bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ló bá so okùn mọ́ ọn níbàdí, ó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Télọ̀ rìn wọ omi títí omi fi dé e lágbọ̀n, ó dúró síbẹ̀. Aṣọ náà di ọrùn rẹ̀ mú, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ìgbà yẹn ló sì tó yé e ohun tí ọkùnrin yẹn ń fara dà láràárọ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá Tíṣà bá wọn. Ṣe ló wá sọ fún Kóòṣì pé kí ó yọ orúkọ ọmọ òun kúrò nínú ìdíje.

"Ta nìyẹn? Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wò ó bóyá omi á wọlé, mà." Eyín rẹ̀ ń lu eyín.

"Ogún ìṣẹ́jú rèé," ni Kóòṣì wí. "Ó ní àfi kó pé ọgbọ̀n. Kò sì mọ odò ọ́ wẹ̀ o."

"Yéè! Jáde ńbẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ìyá náà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, kò jókòó. Nígbà tí télọ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ ló fa síìpù náà sílẹ̀, ó sì ki ọwọ́ bọ ọrùn aṣọ náà títí dé àyà, bó ṣe máa ń yẹ àwọn aboyún wò láyé iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ pẹ́.

"Àyà ẹ gbóná," ni ó wí jẹ́ẹ́.

Ó bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀, ó fi bo èjìká télọ̀. "N ò tíì fẹ́ràn ẹ o. Ṣùgbọ́n wá jókòó sínú oòrùn."

Kóòṣì bi ìyá náà bóyá kí òun yọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí ó ṣì fi í sílẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Màmá sọ ohun tí o ṣe fún mi."

"Ìwọ, kí ni ìwọ ṣe? Kóòṣì kìlọ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì!"

"Ó kìlọ̀ fún mi. Nígbà tí o ní o máa dẹ̀ ẹ́, mo rí bí inú ẹ ṣe dùn tó. N ò fẹ́ kí o rò pé n ò fọkàn tán iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Nígbà tí Màmá wá ń sọ̀rọ̀ sí ọ, ojú tì mí débi pé ẹnu mi kú. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti sọ fún wọn."

"Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Tíṣà. Mo rò pé o ti kórìíra mi."

"Kí n kórìíra ẹ? Èmi tí mo fi abẹ gé gbogbo bọ́tìnì ilé mi tán nítorí ẹ!"

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. "Gbọ́ mi. Bí ọwọ́ mi bá ṣi iṣẹ́ lónìí, bó bá ṣì í lọ́la, sọ ọ́ fún mi. Bó bá máa dùn mí, kó dùn mí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́. Bọ́tìnì tí o rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ yìí wọ́."

"Wò ó, jáde níwájú mi!" Ó sì fà á mọ́ra.

Ní àárọ̀ ìdíje, àádọ́ta èèyàn bọ́ sómi, gbogbo wọn wọ dúdú, gbogbo wọn dé fìlà pupa. Ìyá Tíṣà àti télọ̀ dúró létí ọgbà onírin. Àwọn tó yára ti ń jáde. Ogún jáde. Ogójì jáde. Tíṣà kò sí níbẹ̀.

"Ojú mi ò gbé e mọ́," ni ìyá náà wí, ó di ọwọ́ télọ̀ mú. "Wò ó fún mi. Ibo ló wà?"

Télọ̀ ń ka fìlà orí omi. Fìlà márùn-ún ló kù, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́ta. Ó rí ọ̀kan tó ń gbé orí sókè bí adìẹ tó ń mumi. "Òun nìyẹn, mà! Ó ń bọ̀! Ó ń mí dáadáa!"

Tíṣà jáde, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lórí yanrìn. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, apá òsì ló yà sí, ó sì di irin ọgbà mú níwájú wọn.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹni tó ń darí ìdíje fọn fèrè. "Ìwọ! Kẹ̀kẹ́ ẹ ń bẹ lọ́hùn-ún!"

"Máa sáré lọ!" ni télọ̀ ń pariwo. "Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"N ò lọ. Dá mi lóhùn ná."

Télọ̀ wo ìyá náà. Ìyá náà kò wo ibì kan, omi ló ń dà lójú rẹ̀.

"Kí lò ń wò mí sí?" ni ó wí. "Dá a lóhùn, ìyàwó mi, kí òtútù tó tún mú un."

"Mo gbà!" ni télọ̀ ké. "Mo gbà, mo ní mo gbà, sáré!"

Ó sáré. Ìyá náà kò tú ọwọ́ télọ̀ sílẹ̀ títí ọkùnrin náà fi gun kẹ̀kẹ́ lọ, tó gùn ún dé, tó sì fẹsẹ̀ sáré parí, òun ló ṣìkẹta láti ẹ̀yìn.